Fdisk: ọdún kẹfà tí mo ti ń fi pín díìsìkì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé díìsìkì 4TB kan sára kọ̀ǹpútà mi láti kó àwòrán àti fídíò ìdílé sí, ni mo bá tún jókòó ti fdisk, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pín díìsìkì. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lò ó lórí Linux. Kò sí ohun tí èèyàn ń fi máòsì tẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ máa tẹ̀ sí i, òun náà á sì dá yín lóhùn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ irinṣẹ́ kan tí mo lè fọkàn tán nídìí díìsìkì, òun ni màá mú.

Ìdí rẹ̀ ni pé inú mẹ́mórì ni gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe ń wà. Ẹ pa ìpín rẹ́, ẹ dá òmíràn, ẹ yí gbogbo tábìlì (àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín díìsìkì) padà, kò tíì kan díìsìkì. Àfi tí ẹ bá tẹ w ló tó kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ q, bí ẹ ṣe bá díìsìkì lẹ máa fi í sílẹ̀. Parted, irinṣẹ́ ìpín mìíràn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀: bí ẹ bá ti pàṣẹ fún un tán, ó ti ṣe é nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí gan-an ni q yọ mí. Díìsìkì àtijọ́ kan wà lára kọ̀ǹpútà yẹn, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Lánàá ọjọ́ náà, /dev/sdb ni orúkọ tí Linux fún tuntun. Nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà tí mo tún un tàn, lẹ́tà ti yí, sdb ti di ti àtijọ́, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ g láti dá tábìlì GPT, irú tábìlì ti òde òní, mo tẹ n láti dá ìpín, mo tẹ Enter lẹ́ẹ̀mẹta. Ni fdisk bá bi mí pé àmì ext4 (ètò tí Linux fi ń to fáìlì) wà lórí ìpín kìíní, ṣé kí òun nù ún kúrò? Ọwọ́ mi dúró. Díìsìkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí, níbo ló ti rí ext4? Mo dáhùn N, mo tẹ p láti wo tábìlì. Lókè pátápátá ló kọ ọ́ sí: 931.5 GiB (GiB kan tóbi díẹ̀ ju GB kan lọ). Ti 1TB nìyẹn, ti àtijọ́! Mo tẹ q, mo sáré tẹ lsblk, àṣẹ tó ń to díìsìkì àti ìpín wọn sílẹ̀, gbogbo ìpín ṣì wà níbi tó wà. Fáìlì kan ò sọnù. Látìgbà náà, lsblk ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀, ìwọ̀n díìsìkì ni mo sì ń wò, kì í ṣe lẹ́tà.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé tí díìsìkì bá ṣófo, tábìlì DOS àtijọ́ ló máa ń dá fúnra rẹ̀, ìyẹn ò sì lè ju 2TiB lọ lórí díìsìkì tí sẹ́kítọ̀ rẹ̀ (ègé kékeré tó ń kó dátà sí) jẹ́ báìtì 512. Ó máa ń kìlọ̀ tí díìsìkì bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa rántí tẹ g. Ibi tí ìpín ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Sẹ́kítọ̀ 2048 tó ń mú dára. Tí ẹ bá fẹ́ 500, +500G lẹ máa tẹ̀, ṣùgbọ́n GiB ló ń kà á sí; irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ni lsblk náà ń lò, ìdí nìyẹn tí 4TB mi fi jẹ́ 3.6T nínú lsblk.

Kì í ṣètò ìpín fún fáìlì o. Lẹ́yìn w, ẹ ṣì máa lo àṣẹ mkfs.ext4 láti ṣe ìyẹn.

Kí n tó fọwọ́ kan díìsìkì tó ti ní nǹkan lórí, mo máa ń fi àṣẹ mìíràn, sfdisk -d, tọ́jú tábìlì rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan lórí díìsìkì mìíràn. Tábìlì nìkan ló ń tọ́jú, kì í tọ́jú ohun tó wà nínú ìpín, ṣùgbọ́n ó lè dá ààlà padà síbi tó wà.

Máàkì 9 nínú 10 ni mo fún fdisk. Ìbéèrè kan ni mo fi dá ẹyọ kan dúró: cfdisk, irinṣẹ́ ìpín mìíràn, máa ń ní kí èèyàn kọ yes kó tó kọ nǹkan sórí díìsìkì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ w fún fdisk, kì í tún bi yín.