Máàpù àgbékọ́ fún kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ẹ rà á, àmọ́ ẹ gbé wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn. Ọwọ́ òǹtàwé kan ni mo ti ra àwọn máàpù yìí: bébà ńlá mẹ́rin tí à ń gbé kọ́ ara ògiri, àti glóòbù kékeré kan. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀kan ti òkè àti odò, ọ̀kan ti ojú ọ̀nà, ìkẹrin sì jẹ́ ti gbogbo ayé. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò kábàámọ̀.

Ti ìpínlẹ̀ àti ti òkè ni mo fẹ́ràn jù. Bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi, ìyẹn ni ọmọ fi lè fi ìka kan tọ́ka sí Èkìtì lórí ọ̀kan, kó sì fi ìka kejì wá ibẹ̀ gan-an lórí èkejì. Lápá kan, ìlà dúdú yí Èkìtì ká. Lápá kejì, kò sí ìlà kankan, àwọ̀ òkè ló gba ibẹ̀. Ọmọ kan wá bi mí pé, "Àǹtí, tí a bá débẹ̀, ṣé a máa rí ìlà yìí nílẹ̀?" Inú mi dùn gan-an sí ìbéèrè yẹn. Mo sọ fún wọn pé ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ọdún 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, àmọ́ àwọn òkè ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá kọ́ wọn ní ọ̀kan lónìí, tí mo fi èkejì dọ̀la, ta ni ì bá bi mí?

Ti ojú ọ̀nà, òwú la fi ń lò ó. Sẹ̀ntímítà 1 dúró fún kìlómítà 20. Àwọn ọmọ tẹ́ òwú tẹ̀ lé ọ̀nà láti Èkó dé Ìbàdàn, wọ́n gbé e lé rúlà, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 6, ìyẹn ni pé ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní kìlómítà 120. Ìṣirò ọjọ́ yẹn ò sú ẹnikẹ́ni.

Máàpù ayé ni mo ní ẹjọ́ rò nípa rẹ̀. Irú èyí tí ayàmáàpù kan tó ń jẹ́ Mercator yà lọ́dún 1569 fún àwọn atukọ̀ òkun ni. Ó wúlò fún wọn láti mọ ibi tí wọ́n á dorí ọkọ̀ kọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ló ṣe ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú bébà, Greenland, erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìlọ́po 14 ni Áfíríkà fi tóbi jù ú. Ìwé ìlànà tó bá a wá ò sọ nǹkan kan nípa èyí, ó sì dùn mí. Glóòbù ló gbà wá: ìka méjì ọmọ kan bo Greenland tán, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ò bo Áfíríkà.

Àlàyé àwọn àmì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ náà kéré jù, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò lè kà á. Èmi tún un kọ gàdàgbà sórí káàdì.

Kò sí máàpù àdúgbò nínú rẹ̀ o. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ya ọ̀nà láti ẹnu géètì ilé ìwé dé ilé wọn, pẹ̀lú àmì fún ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà, kí ẹ tó ṣí Google Maps fún wọn láti fi wé e.