Ojú-òpó tó ń ṣírò ọ̀nà bàálù: mo fi wo Èkó sí Atlanta

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Kò gba owó, kì í jẹ dátà, ó sì ń ṣí kódà nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń ṣe ségesège ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbi tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ LOS, àmì pápákọ̀ òfurufú Èkó, ẹ tẹ ATL, ti Atlanta ní Amẹ́ríkà, kíá ló ti dáhùn: nǹkan bí 9,400 kìlómítà. Iye yẹn péye. Ìlà tó ń fà sórí máàpù ló máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu, torí ó tẹ̀. Wọ́n rò pé láti Èkó ni bàálù á ti forí lé òkun. Rárá o. Ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù sì gba orí ilẹ̀ lọ síhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ó di etí òkun Mauritáníà kí ìlà náà tó bọ́ sórí Àtìláńtíìkì.

Wákàtí rẹ̀ ni mi ò gbà gbọ́. Ó kàn fi iyára bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan pín ọ̀nà, ó bu díẹ̀ lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, ó ní wákàtí mọ́kànlá ni àlọ, mọ́kànlá náà ni àbọ̀. Èmi tí mo ti wọ̀ ọ́ mọ̀ pé àlọ lé ní méjìlá. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: bí ẹ bá ń lọ, ó ń dojú kọ yín, bí ẹ bá ń bọ̀, ó ń tì yín lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ wákàtí kan kì í ṣe kékeré fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Kò tún sọ̀rọ̀ aago rárá. Màmá kan tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n á gbéra, mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n á balẹ̀. "Ọmọ mi, wákàtí méje péré!" Mo ní, "Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀, Mà. Aago ọ̀hún ni mẹ́fà yẹn." Wákàtí márùn-ún ni Atlanta fi wà lẹ́yìn wa nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù, torí àwọn máa ń yí aago, àwa kì í yí tiwa.

Ó dára fún ẹni tó fẹ́ yà ní Lọ́ńdọ̀nù: ó fi hàn mí pé ọ̀nà á fi bíi 2,400 kìlómítà gùn sí i.

Àmọ́ Ìkẹjà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Ta ni yóò ka títì Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó, àti wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ní kéèyàn fi ṣáájú bàálù dé? Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tèmi ni kí wọ́n wo bàálù abẹ́lé láti Ìlọrin, tó sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ. Kí wọ́n wọ ti àárọ̀ o, torí bàálù abẹ́lé kì í pẹ́ sún àkókò síwájú, wọ́n á sì tún wọ mọ́tò láti ibùdó abẹ́lé dé ti òkè òkun.