Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú áńpù O2, Sansa Clip+ àti hẹ́dífóònù HD 600

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta yìí pa pọ̀: Clip+, ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ orin; áńpù O2 tó ń fi agbára kún un; àti hẹ́dífóònù tó ń gbé e dé etí mi. Mi ò tètè kọ nípa wọn, torí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi fojú winá iná ìlú wa ná.

Hẹ́dífóònù ló fa gbogbo rẹ̀. Sennheiser HD 600 ni, ti ilé iṣẹ́ Jámánì kan, ó sì ti wà lọ́jà láti 1997. Tòkúnbọ̀ ni mo ra tèmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ki wáyà rẹ̀ bọ fóònù, inú mi bàjẹ́. Ohùn jáde o, àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin níta tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Mo gbé ohùn fóònù dé òpin, ìlù ò ní ìwúwo síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lóye. Wọ́n ní, “Àbúrò, óómù 300 lo gbé lérí yìí. Íapíìsì tó o ń lò tẹ́lẹ̀, 16 tàbí 32 ni. Fóònù rẹ ò lè gbé e.”

Óómù ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé irú hẹ́dífóònù olóómù ńlá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ fóltì púpọ̀ kó tó lè gbé ohùn jáde dáadáa, fóònù kì í sì í sábà ní ju bíi fóltì kan lọ. Ibẹ̀ ni áńpù ti wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ariwo ni áńpù ń bu kún orin, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi tí orin bá ti rọlẹ̀ ni iṣẹ́ áńpù ti ń hàn jù.

Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní NwAvGuy ló ṣètò O2, tó sì gbé àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2011, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tò ó fúnra rẹ̀. Kò sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ fún aráyé. Nígbà tó di 2012 ó dákẹ́, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ lálẹ́ tí mo bá ń gbọ́ orin: ó ṣoore tó báyìí, kò sì dúró gba ọpẹ́.

Àpótí dúdú kékeré ni O2, ihò wáyà rẹ̀ wà níwájú. Bátìrì oní-fóltì 9 méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n á mú iná lọ, fáànù á rọra dúró, fìríìjì á dákẹ́, orin mi ò ní já. Kò tilẹ̀ ní ta páà létí. Bátìrì tèmi ń gbé e tó wákàtí mẹ́fà. Bí agbára wọn bá lọ sílẹ̀ jù, áńpù náà á pa ara rẹ̀ kó má baà ṣe hẹ́dífóònù léṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣájà rẹ̀ o. AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ni O2 ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ṣájà DC, tí iná rẹ̀ ń lọ sápá kan ṣoṣo, ló kún ọjà. Nígbà tí tèmi bàjẹ́, ẹni tó ta òmíràn fún mi búra pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Iná áńpù tàn lóòótọ́, torí bátìrì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, agbára bátìrì tán, ó kú láàárín orin. Ẹ yẹ ara ṣájà wò kí ẹ tó sanwó: níbi tí wọ́n kọ fóltì tó ń jáde sí, àmì ìgbì (~) ni kí ẹ wá.

Clip+ ní tirẹ̀ ò ju ìka méjì lọ. SanDisk ló gbé e jáde ní 2009, wọn ò ṣe é mọ́. Ojú rẹ̀ kékeré ní ìlà yẹ́lò lókè, búlúù nísàlẹ̀. Kì í ṣe fóònù, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, nítorí náà ìpè kankan ò ní já lu orin. Mo ki káàdì ìpamọ́ bọ̀ ọ́, mo fi Rockbox, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, sí i, mo wá kó orin tó wà ní fáìlì FLAC síbẹ̀. MP3 máa ń gé lára ohùn kí fáìlì lè kéré. FLAC kì í gé nǹkan kan.

Àwo àpàlà bàbá mi ni mo kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ orin yẹn láti kékeré. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí kọ̀ǹgó tó kan awọ gángan, mo gbọ́ bí ọsán ṣe ń han lábẹ́ apá onílù. Irin agídìgbo kan dún, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n títí ó fi pòórá. Ẹlẹ́gbè kan mí kó tó gbè é. Àmọ́ mo gbọ́ gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti há àwo náà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ yìí kì í bo àṣírí.

Lára áńpù náà, bọ́tìnnì kan wà tó ń sọ fóltì ohùn tó wọlé di ìlọ́po 2.5 tàbí 6.5. Ti àkọ́kọ́ tó fún orin ìsinsìnyí; àwọn àwo àtijọ́ tí ohùn wọn kéré ni mo ń lo èkejì fún. Tó bá jẹ́ íapíìsì olóómù 16 lẹ ní, ẹ fowó yín pamọ́, Clip+ nìkan ti tó. Áńpù kan tí mo kọ́kọ́ rà ṣáájú O2 ń hó létí íapíìsì bí òróró gbígbóná kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn HD 600 ṣí sílẹ̀: ìyàwó mi lórí ibùsùn ń bá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bèèrè fún un.

Nígbà tí bàbá mi wá kí wa, mo gbé e wọ̀ wọ́n. Wọ́n di ojú. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu orúnkún, wọ́n ń ṣáájú onílù. Nígbà tó parí, wọn ò bọ́ ọ, wọ́n kàn ní, “Dá a padà síbẹ̀rẹ̀.” Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo di Clip+ àti íapíìsì kan fún wọn nínú ọ̀rá. Tòkúnbọ̀ Clip+ mìíràn ni mo ń wá báyìí.