General Studies ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré àbí major gidi ní yunifásítì ńlá: èwo ni kẹ́ ẹ sanwó fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé díẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tíṣẹ́ àti ọmọ ò jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀, tẹ́ ẹ wá fẹ́ padà lọ gbàwé ẹ̀rí yín báyìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wà. Ẹ lè lọ sí yunifásítì ńlá tí gbogbo ayé mọ orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ mú major kan pàtó bíi business. Ẹ sì lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan kẹ́ ẹ gba Bachelor of General Studies, àwọn míì ń pè é ní liberal studies tàbí interdisciplinary studies, wọn ò jìnnà síra. Mo ti kàwé ní irú ilé ìwé méjèèjì, mo sì ti fowó ara mi san owó ilé ìwé níbẹ̀. Pé kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kì í pọ̀, pé yunifásítì ńlá ní ilé ìkàwé tó tóbi, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Krẹ́díìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣe, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bachelor ní Amẹ́ríkà, 120 krẹ́díìtì ló sábà máa ń jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì ńlá, 68 ló wà lọ́wọ́ mi, community college méjì ni mo ti kó o jọ. Lẹ́tà wọn dé, wọ́n ní àwọn gba 54. Inú mi dùn, mo ní 14 péré ló lọ, kò burú. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò là yé mi ni pé kí wọ́n gba krẹ́díìtì yín lọ́tọ̀, kí krẹ́díìtì ọ̀hún wúlò fún dìgírì tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́tọ̀. Mo ti sanwó, mo ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, kí n tó mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ni mo ṣí degree audit mi lórí kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ ewé ni kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, pupa lèyí tó kù. Mo ń wá ìsàlẹ̀ lọ, pupa ṣáá ni mò ń rí. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí àpótí kan tí wọ́n kọ "excess electives" sí lórí, 21 krẹ́díìtì mi ni wọ́n dà síbẹ̀: sociology, ìtàn, psychology méjì, public speaking tí mo gba A nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni, wọn ò kà á mọ́ nǹkan kan. 33 péré ló wọ inú dìgírì. Ó ku 87. Èmi tí mo rò pé mo ti kọjá ìdajì, mi ò tíì dé ìdá mẹ́ta.

Statistics ló dùn mí jù. Mo ti ṣe é, mo gba B, wọ́n ní tèmi kì í ṣe ti business, àfi kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ìwé tí a lò ní community college náà la tún lò, edition tuntun ni, nọ́ńbà àwọn ìbéèrè nìkan ni wọ́n yí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó kọ́ọ̀sì kan odidi, lórí nǹkan tí mo ti mọ̀.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan nìyẹn ṣẹlẹ̀ sí. GAO tó jẹ́ ọ́fíìsì tó ń bá àwọn aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò gbé ìròyìn kan jáde ní 2017, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé àwọn tó pààrọ̀ ilé ìwé láàárín 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún krẹ́díìtì wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì o! Àwọn tó ń gba Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí sẹ̀mẹ́sítà 12 ni Pell mọ láyé yín tó bá jẹ́ full-time lẹ ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó máa dá èyí tẹ́ ẹ fi tún statistics ṣe padà fún yín.

Mo ṣe krẹ́díìtì 24 níbẹ̀ kí n tó kúrò. Àpapọ̀ ẹ̀ wá di 92. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí mo lọ lẹ́yìn ìyẹn gba 84 nínú ẹ̀, gbogbo 84 ló sì wọ inú dìgírì. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú mi. Bí wọ́n ṣe to general studies nìyẹn: ẹ máa ṣe general education, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ẹ máa mú ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ní kọ́ọ̀sì nínú ẹ̀, èyí tó kù àyè sílẹ̀ ni, sociology yín àti ìtàn yín á ríbi jókòó sí. Major bíi business ò ní irú àyè yẹn, kọ́ọ̀sì kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún òmíràn, èyí tí ò bá sí nínú ìlà ẹ̀ á ṣubú síta.

Nǹkan míì tí mi ò lè gbàgbé ni pé obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì registrar fúnra ẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, ó ń ka transcript mi ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ọ̀kan ó ní orúkọ kọ́ọ̀sì yìí ò yé òun, ṣé mo ṣì ní syllabus ẹ̀. Mo wá a jáde nínú íméèlì àtijọ́, mo fi ránṣẹ́, ọjọ́ kejì krẹ́díìtì mẹ́ta ti wọlé. Ní yunifásítì ńlá, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ, ìdáhùn tí mo sì ń gbà ò lórúkọ èèyàn kankan nísàlẹ̀.

Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré náà ní òfin tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ní kẹ́ ẹ ṣe ó kéré tán 30 krẹ́díìtì lọ́dọ̀ àwọn, púpọ̀ ni ò sì gbà ju 90 wọlé. Torí náà ẹ má rò pé ẹ lè gbé 115 dé kẹ́ ẹ kàn wá gbàwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè lẹ ti kàwé, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó wà nínú NACES, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ṣe àyẹ̀wò transcript yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé course-by-course lẹ fẹ́, torí èyí tó kàn sọ pé ẹ gboyè ò ní fún registrar ní nǹkan tó máa kà. CLEP náà wà, ìdánwò College Board ni, ó lè rọ́pò kọ́ọ̀sì kan fún yín láàárín wákàtí kan ààbọ̀. ACTFL, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà, sì ń ṣe ìdánwò èdè sísọ tí Yorùbá wà nínú ẹ̀! Ẹ bi ilé ìwé yín bóyá wọ́n ń fi fúnni ní krẹ́díìtì èdè, èdè abínibí yín lè jẹ́ krẹ́díìtì.

Owó: kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré aládàáni lè gbówó lórí ju ti ìpínlẹ̀ lọ lórí krẹ́díìtì kan, ẹ fi iye krẹ́díìtì tó kù fún yín sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó pariwo.

Orúkọ: ti yunifásítì ńlá ń dún jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo ní bachelor. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ipò GS-5, ọ̀kan lára àwọn ipele owó oṣù wọn, ló jẹ́ pé bachelor èyíkéyìí ti tó.

Accreditation, ìyẹn ìfọwọ́sí pé ilé ìwé kúnjú ìwọ̀n: ẹ wò ó lórí ìkànnì DAPIP ti ìjọba kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. ACICS tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé lọ́pọ̀ ọdún, ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2022.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni pé ó lè tì. Mount Ida ní Massachusetts kéde ní oṣù kẹrin 2018 pé àwọn fẹ́ tì, sẹ̀mẹ́sítà yẹn gan-an ni wọ́n parí sí. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n bá ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ẹ wá ibòmíràn. Tó bá sì jẹ́ ọdún kan ààbọ̀ péré ló kù fún yín, ewu yẹn kéré sí ti ẹni tó fẹ́ lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì lẹ ń wá, nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹnjiníà, ẹ má wulẹ̀ wo general studies, òun nìkan ò ní gbé yín débẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama tí ò ní krẹ́díìtì kankan náà, yunifásítì ńlá ni kó lọ, ó láyè láti yan major kó sì ṣe é dópin. Ẹni tó bá sì ti ní krẹ́díìtì 60 sókè tó tú ká kiri, tó ń ṣiṣẹ́, mi ò rídìí tó fi máa lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: ẹ kọ íméèlì sí ilé ìwé méjèèjì. Ẹ má béèrè pé "krẹ́díìtì mélòó lẹ máa gbà," ìbéèrè tí mo bi wọ́n nìyẹn. Ẹ béèrè pé "mélòó ló máa kù fún mi láti ṣe kí n tó gboyè," kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré fún mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ojú ìwé kan ni, 36 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, 36 náà ni mo sì ṣe, láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún.