Gíà ẹ̀yìn sítíárìn: ohun tí paddle shifter Acura MDX ń ṣe fún mi lójú ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n

Acura MDX 2011 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì V6 oní lítà 3.7 ló wà nínú rẹ̀, ọ́tò sì ni, gíà mẹ́fà. Lẹ́yìn sítíárìn rẹ̀, ike pẹlẹbẹ méjì wà níbi tí ìka èèyàn ti máa ń kàn án: ti òsì ń sọ gíà kalẹ̀, ti ọ̀tún ń gbé e sókè. Òun ni wọ́n ń pè ní paddle shifter. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí ni kì í fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á títí wọ́n á fi tà á, ó sì ń dùn mí, nítorí nǹkan tó lè gba èèyàn là lójú ọ̀nà wa ni.

Ní ìlú, ẹ gbàgbé rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ní Ìbàdàn tàbí Ọjọ́ta l'Ékòó, kò sí iṣẹ́ kankan fún un. Ẹ fi gíà sí D, níbi tó ti ń yí fúnra rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ojú ọ̀nà Èkìtì ni mo ti mọ iyì rẹ̀. Tí èèyàn bá ti kúrò ní Iléṣà, tó gba Ìwàràjà kọjá Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè ló kù. Ẹ ó gùn, ẹ ó sọ̀, kọ́nà á yọ sí yín lójijì, tírélà á wà níwájú, òmíràn á wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ mi wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ kí èèyàn tó wọ inú rẹ̀, ká má tíì sọ ẹrù. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ sáré ni. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé búrékì nìkan á tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, búrékì á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Tó bá gbóná kọjá ààlà, kì í mú dáadáa mọ́. Òórùn yẹn kì í wọ́n lójú ọ̀nà yẹn, pàápàá lára bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, mo ti fa lífà láti D sí S, ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan gíà. Mo fa paddle òsì lẹ́ẹ̀kan: nọ́ńbà 4 yọ lójú dáṣíbọọ̀dù. Mo tún fà á: 3. Abẹ́rẹ́ RPM, tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó hàn, á gòkè, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, á máa kùn nísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì kó ara rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé mo tẹ búrékì. Ìyá mi, tí ọ̀nà òkè máa ń já láyà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà kan tí mo ṣe é, ó ní, "Ọmọ mi, ó dà bíi pé ẹnìkan ń fà wá lẹ́yìn jẹ́jẹ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí iná, táyà ló wá ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń yí táyà mọ́. Bí gíà bá ṣe kéré tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe máa ṣagídí tó.

Gíà ọ́tò Honda àti Acura máa ń gbìyànjú irú èyí fúnra rẹ̀ ní D. Tó bá rí i pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, ó lè sọ gíà kalẹ̀ fún yín. Àmọ́ kò rí kọ́nà tó wà níwájú, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sáré tán ló sì sábà máa ń jí. Ojú tèmi ti rí kọ́nà ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n fọwọ́ ara mi yàn án. Àǹfààní kan náà wà níbẹ̀ tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀: mo ti sọ gíà kalẹ̀ kí n tó bọ́ sí ọwọ́ kejì, kò sí pé mo ń tẹná kí gíà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa máa ń ju gíà sí fíríì lórí ìgẹ̀rẹ́ kí epo má baà jó. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, tí gíà bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná lórí ìgẹ̀rẹ́, kọ̀ǹpútà máa ń dá epo dúró pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ní fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo kó má baà kú. Epo tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń jó, wọ́n sì ti sọ agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń dá ọkọ̀ dúró nù.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn má mọ ìwúlò paddle ni ibi tó ti wá. Ọdún 1989 ni Ferrari gbé e wọ eré ìje Formula 1 lára ọkọ̀ 640, Nigel Mansell sì fi gba ipò kìíní ní Rio de Janeiro nínú ìdíje tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Ní 1997, wọ́n gbé e sára F355 fún ojú títì. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tà á fún wa bí ohun àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Ìdúró ni mo ń fi tèmi ṣe.

Mẹkáníìkì kan sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kàn án, pé á ba gíà jẹ́. Mi ò gbà. Fífa paddle kì í yí gíà fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà gíà ló ń ránṣẹ́ sí. Tí eré bá pọ̀ jù fún gíà tí ẹ bèèrè, nọ́ńbà á kàn máa ṣẹ́jú, kò ní wọlé. Ọ̀kan lára ohun tó ń pa gíà ọ́tò ni ọ́ìlì gíà tó ti dúdú tí wọn ò pààrọ̀.

Ó ní àléébù. Ike rẹ̀ kéré, ó sì máa ń bá sítíárìn yí, torí náà ẹ yan gíà kí ẹ tó wọ kọ́nà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí táyà má baà yọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: iná búrékì ẹ̀yìn kì í tàn tó bá jẹ́ gíà lẹ ń fi dúró. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ̀ pé ẹ ti rẹ eré sílẹ̀. Mo máa ń fẹsẹ̀ kan búrékì fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè rí iná, pàápàá tó bá jẹ́ tírélà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ jáde sí ojú títì, ẹ fà á sí S, kí ẹ fa ti òsì àti ti ọ̀tún, kí ẹ máa wo nọ́ńbà lójú dáṣíbọọ̀dù. Tí nọ́ńbà bá yí padà ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kàn ń han tí ọkọ̀ kò sì fara mú, àléébù náà ti kọjá ti paddle: gíà ló ń yọ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olùtajà.