Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ: fọ́tò ni wọ́n ń tà fún yín, kì í ṣe lógò

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ṣe ọṣẹ tà, ẹ ṣọ́ra fún irú ayàlógò kan tó ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yá, owó rẹ̀ kì í ga, á sì fi lógò yín hàn yín lára páálí aláràbarà pẹ̀lú ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páálí yẹn kò sí níbì kankan. Àwòrán tó ti wà nílẹ̀ ni, gbogbo lógò tí wọ́n bá gbé lé e ló máa ń dùn ún wò. Ẹ ní kó fi lógò nìkan ránṣẹ́, dúdú lórí funfun. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá ó yẹ ní rírà.

Inú fáìlì gan-an ni jìbìtì náà wà. PNG tàbí JPG (irú fáìlì fọ́tò) kan ṣoṣo lẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ká ní ó fẹ̀ tó 600 piksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán àwọ̀ tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò. Lórí fóònù, ó mọ́ kedere. Àmọ́ àwọn atẹ̀wé máa ń fẹ́ 300 piksẹ́lì nínú íńṣì kan, èyí tó fi hàn pé lébẹ́ẹ̀lì íńṣì méjì péré ni 600 yẹn lè bò dáadáa. Bí ẹ bá gbé e sórí pátákó oní-mítà kan, nǹkan bíi 15 ló máa bọ́ sí íńṣì kọ̀ọ̀kan, etí lẹ́tà á wá rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Vector ló yẹ kẹ́ ẹ gbà, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìlà yà, tí ẹ lè fẹ̀ dé ibi tó bá wù yín: SVG, EPS, AI, tàbí PDF.

Àwọn onígbájúẹ̀ náà kúkú ti mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń béèrè SVG. Ńṣe ni wọ́n ń ki PNG yẹn bọ inú SVG, tí wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ fi Notepad (ètò ìkọ̀wé inú kọ̀ǹpútà Windows) ṣí fáìlì náà. Bí ẹ bá ń rí “path” lọ́tùn-ún lósì, ìlà ni. Bó bá jẹ́ “image” àti “base64” lẹ rí, tí lẹ́tà játijàti wá tẹ̀ lé e lọ títí, fọ́tò ni wọ́n dì síbẹ̀. “Text” náà kò dára: ó túmọ̀ sí pé wọn kò tíì sọ lẹ́tà di ìlà, bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò bá sì ní fọ́ńtì (irú lẹ́tà) yẹn, fọ́ńtì mìíràn ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Ti PDF, ẹ ṣí i nínú Inkscape (ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni), kí ẹ yan Outline (ìlà nìkan) lábẹ́ Display Mode. Bó bá jẹ́ àpótí tí ìlà méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ má sanwó.

Ọṣẹ fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Òǹtẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ lógò sára ọṣẹ kì í gba òjìji, kì í gba àwọ̀ tó ń rá díẹ̀díẹ̀. Ìlà tí kò nípọn tó mìlímítà kan sábà máa ń pòórá lára ọṣẹ, ọṣẹ inú “a” àti “e” kéékèèké á sì máa há mọ́ òǹtẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, kí ẹ nà án síwájú bí apá yín ṣe gùn mọ, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè kà á. Bí orúkọ yín bá ní ẹ, ọ tàbí ṣ, ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì kò ní wọn, ayàlógò á wá lẹ àmì ìdánudúró mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà, èyí á tóbi, ìyẹn á ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ewé tàbí ẹ̀kán omi inú lógò yín náà lè jẹ́ àwòrán tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ gé orúkọ yín kúrò, kí ẹ fi àwòrán tó kù wá a lórí Google Lens àti TinEye. Lógò tó ní àwòrán inú àká Canva (ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe àwòrán) nínú, ẹ kò ní àṣẹ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àmì òwò, nítorí ẹlòmíràn náà lè lo àwòrán kan náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó tí ẹ san nìkan kò sọ kọ́píráìtì (ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà) di tiyín. Àfi kí ayàlógò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé e fún yín, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú bóyá àṣẹ fọ́ńtì náà gba títà ọjà, torí “ọ̀fẹ́” púpọ̀ nínú wọn wà fún ìlò ara ẹni nìkan.

Ní ti owó, ẹ má san ju ìdajì lọ ní àsansílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ayàlógò gidi náà ń bẹ̀rù oníbàárà tó máa gba fáìlì sá lọ. Kó ṣí i lójú yín nígbà ìpè fídíò, ní Outline, kí ẹ tó san ìyókù. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ pàápàá, ẹ ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: SVG àti PDF tí lẹ́tà wọn ti di ìlà, ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan dúdú nìkan fún òǹtẹ̀, nọ́ńbà CMYK (ìwọ̀n yíǹkì tí atẹ̀wé máa lò) fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kì í ṣe èyí tí wọ́n ya àpótí funfun àti eérú mọ́ lẹ́yìn. Bó bá dáhùn pé owó ọ̀tọ̀ ni SVG, ẹ wá ẹlòmíràn.