Àgbéyẹ̀wò Openfire: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kì í jáde kúrò nínú ilé

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agbègbè Tákìé, ni mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Openfire, sọ́fítíwià tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ni a fi rọ́pò ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé àṣírí ń tú lójú ọ̀nà bí ọ̀rọ̀ WhatsApp ṣe ń lọ láti fóònù kan sí èkejì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé orí fóònù oníkálùkù ni èsì àyẹ̀wò aláìsàn ń wà, ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ á gbé e lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì.

Ọ̀fẹ́ ni Openfire, orí kọ̀ǹpútà tiwa fúnra wa, tí à ń pè ní sáfà, ló sì ń gbé. XMPP, ìlànà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan, ló ń lò, èyí tí Jeremie Miller gbé jáde ní 1999 lábẹ́ orúkọ Jabber. Láti ká a mọ́ inú ilé, a pa pọ́ọ̀tù 5269, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí sáfà kan fi ń bá sáfà mìíràn sọ̀rọ̀. A kò ṣí 5222, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, síta lórí ráútà wa. A sì kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé àdírẹ́sì inú ilé, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, nìkan ni kó máa gbà. A tún dí ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ fúnra-ẹni, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi nìkan ni orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun yóò ti máa jáde, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti pa á rẹ́ lọ́jọ́ tó bá lọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò béèrè dátà. Bí òjò bá rọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ, àwọn ará yàrá àyẹ̀wò ṣì lè kọ̀wé sí mátírọ́nù pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o mà, èsì ẹ̀jẹ̀ ìyá tó wà ní yàrá ìbímọ ti jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán ẹnìkan wá gbà á,” kó sì yọ lójú ẹsẹ̀ ní igun kọ̀ǹpútà mátírọ́nù. Bí wọn kò bá sí lórí ìjókòó, ọ̀rọ̀ náà á dúró dè wọ́n.

Iná ni ìṣòro wa. Bí bátìrì ínfátà bá tán lóru, sáfà á kú, gbogbo ilé á sì dákẹ́. Bátìrì ọ̀tọ̀ ni a padà rà fún un. Dókítà tó wà nílé tirẹ̀ kò lè rí ọ̀rọ̀ kankan, ó di kí a pè é. Inú àwọn kan nínú àwọn dókítà kò dùn sí èyí, mo sì gbà pé wọ́n jàre, ṣùgbọ́n n kò ní torí rẹ̀ ṣí 5222 síta. Ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rìnrìn àjò káàkiri kò nílò irú ètò yìí rárá, àfi bí wọ́n bá ní VPN, ọ̀nà àṣírí tí ẹni tó wà níta fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí sọ́fítíwià tó lè dá ẹni tó bá fi fóònù ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà dúró. Ìkìlọ̀ mátírọ́nù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé inú ilé tó wà ti tó. Ní 2023, wọ́n rí àlèébù ààbò kan, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2023-32315, nínú ojú ìwé alábòójútó Openfire, èyí tó lè jẹ́ kí àjèjì wọlé láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀dà 4.7.5 wà lára àwọn tó tún un ṣe. Ẹ máa gba ẹ̀dà tuntun bó bá ti ń jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà alábòójútó nìkan ló lè dé pọ́ọ̀tù 9090 àti 9091, tí a ń gbà dé ojú ìwé yẹn.